Lẹ́tà Mi Tó Wà Lára Ògiri Rhoda

Ẹ wá, ẹ wá, ẹ fi ìlẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá jókòó tì mí. Sorcha, gbé àga yẹn sún mọ́ iná, ẹ̀yin kékeré méjì ẹ jókòó sórí awọ àgùntàn níbí lẹ́sẹ̀ mi, ẹ bọ́ bàtà tó kún fómi yẹn kí òtútù má baà mú yín. Inú mi dùn pé ẹ dé, Ọlọ́run mọ̀ pé inú mi dùn, láti Kérésì ni mo ti ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tán tí Rhoda fi dá yín dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń sọ fún yín pé ìyá yín àgbà ti ń ṣiwèrè, pé mò ń fi àlejò da gbogbo ìlú láàmú. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wí? Má fojú pamọ́ fún mi, Sorcha, ọmọ mi, o ò mọ irọ́ pa, bàbá rẹ náà ò mọ̀ ọ́n pa. Kí ló tún sọ? Ìkà? Ó pè mí ní ìkà? Èmi Dolina! Ẹ gbà mí o!

Ó dáa. Ẹ máa jẹ búrẹ́dì yẹn, bọ́tà wà níbẹ̀, jáàmù wà níbẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń rò ó fún yín. Ẹ má sì tíì ṣí aṣọ tó bo nǹkan ara ògiri yẹn. Mo ní ẹ má tíì ṣí i! Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀.

Ẹ mọ ilé Rhoda, ilé funfun tó wà ní kọ́nà yẹn, béèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tó kígbe, Rhoda á gbọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la lọ, bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó lé. Èmi kúrò níbẹ̀ nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, òun ń bá a lọ, ó sì ti rí i dájú pé mi ò gbàgbé rẹ̀ láti ọgọ́ta ọdún. Òun ń gba àlejò, èmi náà ń gba àlejò, yàrá méjì méjì, ibùsùn tó mọ́, oúnjẹ àárọ̀, kí wọ́n sì máa lọ ní tiwọn. Ṣé mo bá a jà rí? Ẹ sọ ọ́! Ọdún tí òjò gbé òrùlé rẹ̀ lọ, ilé ta ló sùn? Ilé mi ni! Lórí ibùsùn mi!

Ẹ gbọ́ o. Oṣù kìíní ọdún yìí ni lẹ́tà kan dé láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Tredwell àti ìyàwó rẹ̀, Hilary. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọkọ̀ yí òkè Skọ́tíláǹdì níhìn-ín ká fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méjì àti ìyá ọkọ, pé ibo ni kí àwọn fi ṣe ibùdó, ṣé kí àwọn máa sùn síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí kí àwọn mú ilé kan, kí àwọn máa jáde láràárọ̀ kí àwọn sì máa padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹnì kan ló fún àwọn lórúkọ mi, pé mo mọ gbogbo ọ̀nà. Ẹ wo bí orí mi ṣe wú! Ẹnì kan ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èmi!

Ìdí tábìlì yìí ni mo jókòó sí, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi kọ èsì yẹn, Sorcha, èmi tí mi ò kọ ju káàdì Kérésì lọ láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ. Ìwé méjì ló gbà. Mo ní kí wọ́n mú ilé kan ṣoṣo ní àárín gbùngbùn, torí ẹni tó bá ń di ẹrù tó ń tú ẹrù lójoojúmọ́, inú àpótí ló máa wò títí tí ọ̀sẹ̀ á fi parí, kò ní rí òkè kankan. Mo ní ogójì máìlì tiwa kì í ṣe ogójì máìlì tiwọn, wákàtí méjì ni, torí ọ̀nà wa tóóró, ọkọ̀ kan ló gbà, àwọn àgùntàn sì máa ń sùn sórí ọ̀dà torí ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní bí wọ́n bá pàdé ọkọ̀, kí ẹni tí àyè ìyàsí, ibi fífẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, sún mọ́ jù lọ yà síbẹ̀, bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, kó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn lọ bá a, kó má kàn jókòó kó máa wojú ẹlòmíràn. Mo ní bí ẹnì kan bá yà fún wọn, kí wọ́n gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn, ìka kan péré ti tó, torí ẹni tí kò bá gbé ìka ìdúpẹ́, kó tó dé afárá, gbogbo ọ̀nà ti mọ nọ́ḿbà ọkọ̀ rẹ̀.

Mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Uilleam ọkọ mi, bàbá yín àgbà, ló fi ṣọ́bìrì gbẹ́ àwọn àyè ìyàsí wọ̀nyẹn láti afárá dé ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Mo ní èyí tó kọjú sí òkun fẹ̀ ju ìyókù lọ, àwọn ọ̀gá rẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ni. Irọ́ ni! Èmi ló gbẹ́ ẹ fún, kí n lè ríbi jókòó tì í bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́, ọwọ́ mi kàn ń lọ ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Rárá o, mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Èmi mọ̀ pé wọ́n ń ṣe ẹ̀dà lẹ́tà ni?

Mo fi ránṣẹ́. Oṣù kejì kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Mo fọ kọ́tìnì yàrá ńlá, mo ran aṣọ ìbora tuntun, mo ní wọ́n ń bọ̀, wọn kàn ń múra ni. Ó di ọjọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Rhoda súnmọ́ mi, ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nu ẹnu báyìí, ó ní, "Dolina, mo gbọ́ pé ìwọ lo la àwọn Tredwell lọ́yẹ̀. Ó mà ṣeun fún wọn o. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa dé sí. Ṣé o mọ̀ pé mo ní agbada omi gbígbóná tí àlejò ń jókòó sínú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé báyìí?"

Ẹ wò ó, wọ́n gba ọgbọ́n lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ẹrù wọn lọ sínú agbada Rhoda! Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n mí ná.

Oṣù kẹfà ni wọ́n dé, ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ pupa gbàràmù gbaramu, ó fẹ̀ tó ilé ìyàgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọkọ̀ ẹja ló pàdé wọn lójú ọ̀nà, àyè ìyàsí wà lẹ́yìn wọn tí kò tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ọkùnrin náà ò lè fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn! Ó wà á lọ́tùn-ún, ó bọ́ sínú koríko, ó wà á lósì, ó bọ́ sínú gọ́tà. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹja ló padà rìn sẹ́yìn títí dé afárá, inú ń bí i bí nǹkan míì. Mo rí gbogbo rẹ̀. Àní mo rí i! Ṣé ẹ mọ awò tí Uilleam fi ń wo ọ̀nà jíjìn? Ojú fèrèsé ló wà. Mi ò gbé e síbẹ̀ torí wọn, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò kọ sínú lẹ́tà yẹn. Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ta ní ń kọ ọ́ sílẹ̀? Gbogbo wa níbí ni a mọ̀ pé Rhoda kì í dáná lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í fọ abọ́, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jáde nínú ọgbà rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò gbà á, bàbá bàbá rẹ̀ ò gbà á. Ká ní ilé mi ni wọ́n wà ni, mo máa sọ fún wọn nídìí tíì pé ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe báyẹn. Ṣùgbọ́n ilé mi ni wọ́n wà? Ilé mi ni wọ́n wà ni mò ń bi yín!

Ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rin ìrìn tó gùn jù lọ. Wọ́n jí, wọ́n múra, wọ́n gbé ìyá ọkọ sínú ọkọ̀, Rhoda sì ti fi àgádágodo ti géètì, ó ti di Bíbélì mọ́ àyà, ó ní ọjọ́ Olúwa ni, ẹran tí òun ti sè sílẹ̀ lánàá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Agbada omi gbígbóná náà ńkọ́? Ó ti fi ìdérí dé e! Sorcha, mo rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú fèrèsé Rhoda láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ bí ọmọ tí olùkọ́ fìyà jẹ, òòrùn sì ràn lọ́jọ́ náà, irú èyí tí a kì í rí nígbà márùn-ún lọ́dún. Mo jẹun lọ́sàn-án yẹn. Mo jẹun yó!

Mọ́ńdè, ní àárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi tẹrùtẹrù. Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa níbí a kì í dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà, bó ti wù kó ṣẹni tó. Èmi náà ò dá wọn padà. Mo kàn ní kí kẹ́túrù hó ná. Òjò winniwinni ń rọ̀, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń jẹni yẹn sì bò wọ́n, wọ́n ń gbá ara wọn létí, wọ́n ń họra, kẹ́túrù mi sì ti gbó, kì í tètè hó.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè wà?"

Mo ní, "Àyè wà. Lẹ́tà mi dà?"

Wọ́n wojú ara wọn. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá ọkọ, ìyá arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó jókòó sórí àpótí, òun ló dáhùn, ó ní, "Ó wà lára ògiri obìnrin yẹn. Mo ní kí wọ́n má fún un. Wọn kì í gbọ́ tèmi."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí Rhoda ṣe! Ó ní kí Hilary jẹ́ kí òun kà á, ó gbé e wọnú yàrá, ó yọ àwòrán ajá rẹ̀ tó ti kú kúrò nínú férémù, ó fi ìwé mi méjèèjì síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú níbi tí mo fọwọ́ sí, ó gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà kí gbogbo àlejò rẹ̀ máa kà á! Bí wọ́n bá bi í pé ta ló kọ ọ́, á ní, "Bí a ṣe máa ń gba àwọn àlejò wa nímọ̀ràn nìyẹn." A! Àwa! Ta ni àwa? Orúkọ Uilleam mi wà lára ògiri Rhoda, àlejò tí mi ò mọ̀ ń kà á pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, Rhoda sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé òun ló gbẹ́ àyè ìyàsí náà fún!

Mo ní kí ọkùnrin náà padà lọ gbà á wá. Ó lọ. Ó padà lọ́wọ́ òfo. Rhoda ní ohun tí a bá ti fúnni, a ti fúnni náà nìyẹn.

Mo ní ó dáa. Mo gbé pọ́réèjì síwájú wọn, mo fi ẹyin méjì méjì sí i. Mo ní, "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ rin ìrìn yín?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo ní ẹ máa sùn níbí títí Sátidé, ẹ ó máa jáde láti ibí ẹ ó máa padà síbí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí lẹ ó máa gbéra. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó bá ti di agogo mẹ́jọ, ọkọ̀ ẹja àti àwọn ọkọ̀ tó ní ibùsùn nínú á ti kún ọ̀nà, pàápàá fún ẹni tí kò lè rìn sẹ́yìn. Oṣù kẹfà nìyí, agogo mẹ́rin ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ìmọ̀ràn gidi ni mo fún wọn!

Ohun kejì, mo ní, bí ẹ bá dé kọ́nà tó wà lẹ́nu géètì Rhoda, pátákó kan wà níbẹ̀, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é. Sorcha, kí ló wà lára pátákó yẹn? O ti gbàgbé? "Tẹ họ́ọ̀nù"! Uilleam ló rì í mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́dún tí ọkọ̀ mílíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá màlúù bàbá Rhoda, torí béèyàn bá ń bọ̀ níbẹ̀ kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ lódì kejì. Àwa ará ibí kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́, a kàn máa ń rọra, torí Rhoda bẹ̀ wá pé àlejò òun máa ń sùn. Ojú rere ni a fi ń ṣe é fún un! Ojú rere nìkan! Mo wá rò ó pé àwọn àlejò mi kì í ṣe ará ibí. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa ojú rere? Pátákó ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Túsìdé, agogo mẹ́rin ààbọ̀, mo dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú tíì mi. Pọ́n-ọ̀n! Ó kúrú, ó ń tijú. Kọ́tìnì Rhoda mì díẹ̀. Wẹ́sìdé, pọ́ọ̀ọ̀n! Èyí dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ajá méjì gbó. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń rí òkè, wọ́n ń rí etíkun oníyanrìn funfun, wọ́n ń padà wá jẹ ọbẹ̀ ẹja, wọ́n ń sọ fún mi pé kò síbi tó dára tó ibí láti fi ṣe ibùdó, inú mi sì ń dùn, mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn wọn díẹ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé ìyá arúgbó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́. Yé! Ọwọ́ ìyá yẹn! Pọ́ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀n! Àwọn olùkọ́ méjì láti ilẹ̀ Họ́láńdì tí wọ́n fẹ́ sùn lọ́dọ̀ Rhoda fún ọjọ́ mẹ́rin sí i gbé kẹ̀kẹ́ wọn jáde láàárọ̀ yẹn, wọ́n lọ. Rhoda sì ti kọ ọ́ sára pátákó ilé rẹ̀ pé kò síbi tó parọ́rọ́ tó ilé òun!

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló pè mí lórí fóònù. "Dolina, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mo ní, "O mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n má tẹ nǹkan yẹn mọ́."

Mo ní, "Rhoda, ṣé èmi ni mo gbé màlúù bàbá rẹ sójú ọ̀nà ni?"

Ó ní, "Nítorí ìwé lásán?"

Mo ní, "Bó bá jẹ́ ìwé lásán ni, dá a padà. Kí o sì tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí o ká mọ́ inú."

Ó já fóònù mọ́ mi létí. Ó dáa. Fúráìdé, ìyá arúgbó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Kí lo sọ, Sorcha? Pé ṣé kò tó? Pé arúgbó ni Rhoda? Èmi ńkọ́, ọmọ ogún ọdún ni mí? Ṣé o mọ ohun tó wù mí láti ṣe sí i kí n tó ronú kan họ́ọ̀nù? Ó wù mí kí n da àgùntàn mẹ́rìnlélógún sínú agbada omi gbígbóná yẹn! Mo ti ń kà wọ́n! Ẹ má rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi. Ẹ̀san ni mo fẹ́, ẹ̀san ni mo sì gbà, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí Rhoda lọ sọ ìyẹn náà níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ìjẹta, ọjọ́ Sátidé, ni ọjọ́ tí wọ́n máa lọ pátápátá. Agogo mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀, mo di búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún wọn, Hilary dì mọ́ mi, ó sunkún, ẹlẹ́kún ni obìnrin yẹn. Wọ́n lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń dẹtí. Mo dẹtí, mo dẹtí. Kò sí họ́ọ̀nù. Mo ní wọ́n ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn! Mo ń múra láti ṣépè, ẹnu mi ti là sílẹ̀, ni mo bá gbé awò Uilleam sójú. Àṣé Rhoda ló dúró sáàárín ọ̀nà, nínú aṣọ ìsùn, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó na férémù náà sí wọn gba ojú fèrèsé ọkọ̀, ó kọjú sí òdì kejì bí ẹni tó ń gbé àwo ìdọ̀tí dànù.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Tredwell ṣe? Kò síbi tó ti lè yí ọkọ̀ náà padà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn! Ọkọ̀ gbàràmù yẹn, láti kọ́nà Rhoda títí dé ẹnu ọ̀nà mi, ó kọjá àyè ìyàsí méjì tí Uilleam gbẹ́, táyà rẹ̀ kò kan koríko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyá arúgbó ń pariwo "Ọ̀tún! Mo ní ọ̀tún!" Ó sọ̀kalẹ̀, ó làágùn bí ẹni tó gun òkè, ó gbé lẹ́tà mi lé mi lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tú. Dolina wà níbẹ̀ gbàgàdà. Òun ló wà lábẹ́ aṣọ ara ògiri yẹn. Férémù náà dára gan-an, mi ò ní dá férémù padà, kí Rhoda wá omíràn fún ajá rẹ̀!

Ọkùnrin náà padà sínú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é pé ẹ dúró, ẹ dúró, ó ti tó o, obìnrin náà ti dá a padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́! Mo pè é! Ọlọ́run gbọ́ mi! Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbéra, òòrùn ń yọ lẹ́yìn òkè, ọkọ̀ pupa náà ń lọ, mo rí ìka kan tó gòkè lórí sítíárìn fún mi, ó kọjá àyè ìyàsí àkọ́kọ́, ó kọjá èkejì, ó dé kọ́nà, Rhoda, tó ti dúró wo bí ọkọ̀ ṣe ń rìn sẹ́yìn títí, ń padà sílé rẹ̀ nínú aṣọ ìsùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan géètì, ni ìyá arúgbó bá... háà, ẹ dì mí mú, ẹ̀gbẹ́ mi ń ro mí, háà háà háà... pọ́ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀n!